Àkísà Tí Mo Bá Nínú Ihò Afẹ́fẹ́ Ọkọ̀-Ilé Yín

Houston,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Sìdíkátù, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí Mùfútáù ọkọ rẹ, mo sì kí Alhaja, ìyá ọkọ rẹ, tí wọ́n ti Ìséyìn wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Rùkáyátù, ọmọ tuntun náà, ni mo kí lọ́tọ̀, nítorí pé òun ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé.

O mọ̀ pé mo pè ọ́ lórí tẹlifóònù lọ́sàn-án yìí, o sì mọ̀ pé mo gbé e sílẹ̀ láìdágbére. Kì í ṣe pé n kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù, n kò sì fẹ́ kí èyí tí kò yẹ kí o gbọ́ bá èyí tó yẹ jáde. Ìwé a máa jẹ́ kí ènìyàn to ọ̀rọ̀ bí birikilà ti ń to búlọ́ọ̀kù. Jókòó, kà á tán, kí o tó dáhùn.

Inú ń bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìbínú mi kò ní ariwo, kò sì ní pariwo títí ìwé yìí yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ìyanu ló gba ọkàn mi jù. Mo jókòó sórí àga awakọ̀ nínú ọkọ̀-ilé yín, ilé onítáyà tí ẹ ń sùn tí ẹ ń dáná nínú rẹ̀, lónìí, mo wo ibùsùn kékeré tí ẹ tẹ́ fún ọmọ náà lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ èémí ara mi bó ti ń wọlé tó ń jáde. Mo ní, Ọlọ́run Ọba, afẹ́fẹ́ tí a kò lè rí, tí a kò lè dì mú, òun náà ni O fi so wá rọ̀! Mo ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rántí ìgbà kankan tí mo dúpẹ́ lórí rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ti ṣẹlẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé mo ń bá ọ jà lórí ohun tí kò sí.

Lánàá tí ẹ dé láti orí òkè Colorado, tí ẹ gbé ọkọ̀-ilé náà padà sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa nítorí pé àdúgbò yín ní Woodlands kò gba irú ọkọ̀ gbàǹgbà bẹ́ẹ̀ níwájú ilé, a jọ jókòó jẹun. Bàbá rẹ bi yín bí ìrìnàjò ti rí. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ.

“Ẹ̀ bá rí wa lórí òkè yẹn, Màámi! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí fọ́ gbogbo wa bí ẹni pé wọ́n ń la igi nínú rẹ̀.”

“Tìrẹ nìyẹn,” ni Mùfú wí. “Èmi ò lè gbẹ́sẹ̀. Mo fàyà wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ni, mo ṣílẹ̀kùn, mo lọ bì sídìí igi.”

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. “Mùfú, ẹran sísun ni. Mo mọ̀ ọ́ mọ́ ẹran.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òkè ló fà á. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó mí.”

Alhaja kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. “Ẹ bá mi bi í, ilẹ̀kùn tó ṣí, ṣé ó padà tì í? Gbogbo òtútù ayé ń rọ́ lu ọmọ mi. Mo bú u dáadáa. Mo ní, ‘Mùfútáù, ṣé o fẹ́ pa Rùkáyà ni?’” Wọ́n wá yí sí ọmọ náà, wọ́n fọwọ́ pa á lórí. “Ọmọ gidi ni tèmi ṣá. Òun nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo pè é títí kó jí mu ọmú, kò dáhùn, ó kàn ń sùn ṣáá.”

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ṣíbí tí mo gbé kò dé ẹnu mi. Mo bi ọ́ pé, “Kí lẹ fi mú inú ọkọ̀ gbóná?”

“Sítóòfù ni, Màámi. Ẹ̀rọ amúlégbóná kọ̀, bátìrì ti kú.”

“Ihò afẹ́fẹ́ ńkọ́?”

O wo ojú Alhaja, lẹ́yìn náà o wo inú abọ́ rẹ. “Ó wà níbẹ̀, Màámi.”

O kò purọ́. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, mo sì wọ inú ọkọ̀ náà. Ihò afẹ́fẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, èkejì lókè àjà. Àkísà ni mo bá nínú méjèèjì. Kì í ṣe àkísà tí ènìyàn kàn sọ síbẹ̀. Ìró àtijọ́ ni, tí a fọ̀ mọ́, tí a ya ní ìwọ̀n, tí a fi sùúrù ká, tí a sì fi ìka tẹ̀ wọnú ihò títí ìmọ́lẹ̀ kò fi rí ọ̀nà gbà wọlé. Ọwọ́ ìfẹ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Mo dá a mọ̀, nítorí pé ọwọ́ èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìgbà ọyẹ́ ni mo bí ọ. Èmi àti ìyá mi fi aṣọ dí gbogbo àlàfo fèrèsé, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí ọ lára. Gbogbo ìyá Yorùbá ló mọ̀ pé a kì í fi ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí sójú ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí a dí fèrèsé rẹ̀ nígbà náà, òrùlé páànù rẹ̀ ń mí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ìdáná sì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀-ilé yìí kò ní ẹ̀yìnkùlé. Agolo ni. Bí o bá dáná sínú agolo, tí o sì dé e, kí lo rò pé iná náà yóò máa jẹ?

Nígbà náà ni mo pè ọ́. Mo bi ọ́ pé ta ló fi aṣọ dí ihò afẹ́fẹ́.

“Alhaja ni, Màámi.”

“O rí wọn?”

“Mo rí wọn.”

“Ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lókè sítóòfù?”

“Mo kà á. Wọ́n ní ká má fi sítóòfù mú ilé gbóná, ká sì máa ṣí ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí a bá ń dáná.”

“O sì dákẹ́.”

“Màámi, ìyá ọkọ mi ni wọ́n. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún wọn pé wọn ò mọ ọmọ tọ́jú?”

Ibẹ̀ ni mo ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Sìdíkátù, iná a máa jẹ afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń jẹ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, èéfín tí yóò máa tú jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Orí ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Lẹ́yìn náà ni èébì. Lẹ́yìn náà ni oorun, oorun dídùn tí kò ní àlá. Níbi iṣẹ́ mi ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki orí bọ inú táǹkì epo láìjẹ́ pé a ti wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbé irin bí ẹni gbé ìgbálẹ̀ a máa dúró sẹ́nu táǹkì, kí obìnrin kúkurú bí èmi wá sọ fún wọn bóyá wọ́n lè wọlé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí. Lánàá, lórí oúnjẹ, ni mo wá gbọ́ pé ọmọ ọmọ mi sùn nínú táǹkì.

Ọkùnrin kan bì, kò sì lágbára láti ti ilẹ̀kùn. Ohun tí Ọlọ́run fi dá ẹ̀mí mẹ́rin sí nìyẹn. Ilẹ̀kùn tí Alhaja tìtorí rẹ̀ bú ọmọ wọn, òun ni ilẹ̀kùn ìgbàlà yín. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, n kò rí ibòmíràn tí mo lè gbé e sí ju iwájú Ẹlẹ́dàá lọ. Mo forí kanlẹ̀, n kò sì tètè gbé e.

Ẹ fẹ́ tún gbéra ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ wo àfonífojì ńlá ti Arizona. O lè máa rò pé ìyá rẹ kọ ìwé yìí láti dí yín lọ́nà. Rárá o. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ kọ́kọ́ dé etí àfonífojì yẹn, bàbá rẹ tí ẹnu wọn kì í sinmi dákẹ́. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n dì í mú sáyà. Ilẹ̀ là gbàràgàdà níwájú wa, ó pọ́n bí osùn níbì kan, ó funfun bí ẹfun níbòmíràn; odò tó gbẹ́ gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ẹyẹ ń fò nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Láti kékeré ni mo ti ń gbójú sókè wo ẹyẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn ẹyẹ. Mo fẹ́ kí Rùkáyátù rí i. Mo fẹ́ kí ó dàgbà tó ẹni tí yóò máa sọ pé òun rí i. Nítorí náà ni mo ṣe kọ àwọn ohun wọ̀nyí, tí mo sì tò wọ́n bí wọ́n ti kọ́ wa ní pólì pé kí a máa to iṣẹ́: ohun tó lè pa ènìyàn kọ́ ni a ń kọ́kọ́ rí, ohun tó ń ṣamọ̀nà rẹ̀ wá ni.

Èkínní, láti òkè ni kí o ti máa bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọkọ̀-ilé wò, kí o máa bọ̀ wá sísàlẹ̀ bí òjò ti ń ṣàn. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a ra ọkọ̀ náà, kó tó di tiyín, bí a bá ti dé láti ìrìnàjò, ẹ́ńjìnnì ni a máa ń sáré sí. A ó pààrọ̀ ọ́ìlì, a ó fọ ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán, a ó sì máa wò ó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kò sí ẹni tó gun òkè. Rọ́bà tó yí ihò àjà ká ti là, ilà tín-ín-rín tí kò nípọn tó èékánná. Òjò Houston, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí a fi mọ̀, pákó abẹ́ òrùlé ti rọ̀ bí ẹ̀bà, bàbá rẹ fi ìka lu ú, ìka wọn wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Máa gun òkè lẹ́yìn gbogbo ìrìnàjò. Fọ̀ ọ́, fi ìka tọ ojú gbogbo oríkèé, ibi tó bá ti là, fi gọ́ọ̀mù rọ́bà tuntun dí i. Ibẹ̀ ni kí o ti máa fi dídí ṣe iṣẹ́.

Èkejì, má ṣe jẹ́ kí omi kankan sùn nínú rẹ̀, ìbáà ṣe omi mímu, ìbáà ṣe omi ìdọ̀tí. Àwa tí a ti ilẹ̀ olóoru wá a máa rò pé yìnyín wà fún àwọn ará òkè nìkan. Ọdún tí òtútù fi bá Houston jà, gbogbo páìpù inú ọkọ̀ bẹ́ bí ẹ̀pà. Tú gbogbo omi jáde, ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. O ti rí i bí mo ti ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti táyà àti ti ẹrù, bàbá rẹ sì ni yóò jẹ́rìí sí i. Táyà ọkọ̀ tó ń dúró lójú kan fún oṣù púpọ̀ kì í gbó láti ìsàlẹ̀. Oòrùn a máa jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a ń múra láti lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, mo ní kí a pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn. Bàbá rẹ ní, “Ìyá Sìdí, wo ojú rẹ̀, ìka mi ṣì ń rì sínú ilà rẹ̀.” Mo wò ó, mo sì gbà. Ojú ni mo wò, n kò wo ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Iṣu. Àpò ìrẹsì. Gàrí. Fírísà tó kún fún ọbẹ̀. Ìkẹyìn gbogbo rẹ̀, mo rí wọn tí wọ́n ń ti ohun kan sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀.

“Bàbá Sìdí, kí nìyẹn?”

“Odó ni.”

“Odó!”

“Ta ni yóò gún iyán fún mi nínú aṣálẹ̀?”

“Èmi ni yóò gún un?”

“Ìwọ kọ́. Èmi ni. Ìwọ ṣáà jẹ́ kí n gbé e.”

Mo jẹ́ kí wọ́n gbé e. A ti kọjá Fort Stockton nínú aṣálẹ̀ Texas nígbà tí táyà ẹ̀yìn bú, èkejì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ náà ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, a kò kà á sí nǹkan kan. A jókòó sórí odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, à ń dúró de ẹni tí yóò ràn wá lọ́wọ́. Kò sí igi kankan níbi tí ojú lè dé. Sánmà fẹ̀ débi pé mo rí òjò tí ń rọ̀ sí ìlú kan, tí oòrùn sì ń ràn sí ìlú kejì, lójú kan náà, láìdìde. Bàbá rẹ ní, “Ìyá Sìdí, a kéré o.” Mo ní, “A kéré, ẹrù wa ló pọ̀.” Títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ di ẹrù, mo kàn máa ń wo ojú wọn ni.

Ẹ̀kẹrin ni kí o fara balẹ̀ kà, nítorí ibẹ̀ ni ikú ti bẹ̀rẹ̀ sí wá bá yín. Mùfú jẹ́ ọmọ dáadáa, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan dára. Kí ẹ tó lọ sí Colorado, ó gbé tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ sínú ọkọ̀, ó gbé rédíò ńlá sí i, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Gbogbo wa ló yìn ín. Mo yìn ín pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó bi í pé bátìrì wo ni yóò máa bọ́ wọn. Bátìrì kan náà ni, èyí tó wà níbẹ̀ láti ìgbà tiwa. Wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra. Tẹlifíṣọ̀n mu bátìrì gbẹ. Bátìrì gbẹ, fáànù ẹ̀rọ amúlégbóná kò yí mọ́. Ẹ̀rọ náà kọ̀, ẹ tan sítóòfù. Ẹ tan sítóòfù, ihò afẹ́fẹ́ ti dí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ìwà ìkà. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ìgbádùn, tàbí ìtọ́jú, tàbí ìfẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sìnkú yín.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ohun tuntun kún ọkọ̀-ilé, ìpìlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn. Èmi àti bàbá rẹ yóò fi bátìrì mìíràn sí i lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí yóò máa bọ́ inú ilé nìkan, tí kò ní bá ẹ́ńjìnnì pín oúnjẹ. A ó yẹ ẹ̀rọ amúlégbóná wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìta ni ẹ̀rọ yẹn ti ń fa afẹ́fẹ́ tó fi ń jóná, ìta náà ló sì ń tú èéfín rẹ̀ sí. Èémí rẹ̀ kì í pàdé èémí ènìyàn. Mo ti wo inú rẹ̀ rí, mo sì rò pé ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án ní ọmọ nílé. Òun ni kí ẹ máa tàn bí òtútù bá dé. Sítóòfù, ọbẹ̀ nìkan ni.

Òtútù tí Alhaja ń sá fún kì í ṣe irọ́. Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n má dí ihò, ó yẹ kí ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe dípò rẹ̀. Mo ń rán aṣọ ìkélé tó nípọn, èyí tí ẹ ó ta sí àárín ibùsùn àti iwájú ọkọ̀. Gbé ibùsùn ọmọ kúrò lápá ibi tí ihò wà. Dé fìlà òwú fún un, wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, kí Alhaja sì gbé e sí àyà wọn. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní Amẹ́ríkà tó mú ọmọ gbóná tó àyà ìyá àgbà.

Mo wá dé ibi tí mo ń bọ̀.

Alhaja kò jẹ̀bi. Wọn kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri yẹn, kò sì sí ẹni tó kà á fún wọn. Ohun tí ìyá wọn kọ́ wọn ni wọ́n ṣe, ìyá tèmi náà kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mùfú kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé aṣọ wà nínú ihò. Ìwọ nìkan ló rí aṣọ, tó rí iná, tó sì ka ìkìlọ̀. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní orí ẹnìkan ṣoṣo, ẹni náà sì wo inú abọ́ rẹ̀.

O ní èmi ni mo kọ́ ọ. Lóòótọ́ ni. Ìkúnlẹ̀ ni mo kọ́ ọ, Sìdíkátù. N kò kọ́ ọ ní yíyadi. Nígbà tí àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, wọn kò fi ọgbọ́n ọmọdé síbẹ̀ kí gbólóhùn náà lè gùn. Wọ́n sì tún ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀wọ̀ tí o fi fún ìyá ọkọ rẹ ní orí òkè yẹn, ta ló fẹ́ san án? Kì í ṣe ìwọ. Ọmọ tó ń sùn, tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pè é, tí kò dáhùn, òun ló fẹ́ san án. Ká ní Rùkáyátù kò jí, Alhaja ìbá lo ìyókù ọjọ́ ayé wọn láti mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló ṣe é. Ṣé ọ̀wọ̀ lo pe ìyẹn? Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa ọmọ wọn.

Mo lè yọ àkísà náà fúnra mi. Mo tilẹ̀ yọ ọ́, mo gbé e sórí itan, mo wò ó. Lẹ́yìn náà mo dá a padà síbi tí mo ti bá a, bó ti wà gẹ́lẹ́. Bí èmi bá yọ ọ́, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ẹ ó dé ibi òtútù, Alhaja yóò wá aṣọ mìíràn, ìwọ yóò sì tún dákẹ́. Ihò náà kọ́ ló dí jù nínú ọkọ̀ yẹn.

Mo ti ti ẹnu gáàsì pa. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ ní mo le jù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n le.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí gbogbo yín wá. Mú Alhaja wọ inú ọkọ̀. Kúnlẹ̀ fún wọn, kí orúnkún rẹ méjèèjì kan kápẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn, kí o sì ti orí ìkúnlẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ka ìkìlọ̀ ara ògiri fún wọn ní èdè Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sọ fún wọn pé orí fífọ́ yẹn kì í ṣe ti òkè. Sọ ìdí tí Rùkáyátù kò fi dáhùn nígbà tí wọ́n pè é. Má ṣe fi ẹ̀rín bò ó, má sì sọ pé èmi ni mo rán ọ. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ara rẹ yọ aṣọ náà, kí o gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n lè sunkún. Wọ́n lè bínú, kí wọ́n máà bá ọ sọ̀rọ̀ dé Arizona. Fara mọ́ ọn. Àgbà tó ń bínú sí ọ wà láàyè, ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn náà wà láàyè.

Bí o bá ṣe é, n ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn, n ó sì di oúnjẹ ọ̀nà fún yín. Bí o kò bá lè ṣe é, ọkọ̀ náà kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Ọkọ rẹ lè ra òmíràn. N kò ní agbára lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n n ó ti mọ irú ẹni tí mo gbé ọmọ ọmọ mi fún.

Kí Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn padé máà jẹ́ kí ojú wa ríbi. Kí Ó ṣọ́ èémí rẹ, kí Ó ṣọ́ ti ọmọ rẹ, Àṣàkẹ́ mi, tí n kò lè fẹ́ràn jù báyìí lọ.

N ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ní Sátidé. N kò ní sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó jẹ́ ìyá àgbà Rùkáyátù.